STEM CELL KÌ Í ṢE ÌYẸ̀FUN TÍ WỌ́N Ń DÀ SẸ́NU! Inú eegun ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni ìwòsàn fòníkúfọ̀ladìde ti ń wá

Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìkòtún dáadáa yóò ti pàdé wọn. Wọ́n á gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n á ní "stem cell" làwọn ń tà. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá pélébé ni. Wọ́n ní kéèyàn dà á sẹ́nu, gbogbo àìsàn á pòórá: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, títí dórí fòníkúfọ̀ladìde. Ìyá ọlọ́mọ SS tí kò sùn mọ́jú, tí ọmọ ń ké "eegun mi, eegun mi", bó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, àfàìmọ̀ kó má tú owó àjọ jáde.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òótọ́ ni pé stem cell ń wo fòníkúfọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó wà nínú ọ̀rá o!

KÍ LÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ bẹ́ ẹ lónìí, ọmọ míì á tún yọ. Bẹ́ẹ̀ ni stem cell rí nínú mùdùnmúdùn eegun wa. Òun ni ìyá tó ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀: ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ẹ̀jẹ̀ funfun tó jẹ́ sójà, àti èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dá. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó dára ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Bó bá dín kù, kídìnrín á pàrokò sínú eegun pé, "Ẹ̀jẹ̀ ò tó o, ẹ ṣe kún un!" Ìyá á gbọ́, á bí sí i.

Ìyá ẹ̀jẹ̀ ti ọmọ SS náà ń gbọ́ iṣẹ́, ó ń bímọ tọ̀sán-tòru. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń bí máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan, ìrora á dé. Ọjọ́ 10 sí 20 péré ló ń lò. Ohun táwọn dókítà rò ni pé, ẹ jẹ́ ká hú ìyá yẹn, ká gbin òmíràn síbẹ̀.

WỌ́N TI ṢE É NÍ NÀÌJÍRÍÀ

Lọ́dún 2011, Dókítà Nosa Bazuaye àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe é fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan nílé ìwòsàn Yunifásítì Benin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un ní mùdùnmúdùn. Lọ́dún 2025, LUTH àti Sickle Cell Foundation, n'Ídìí-Àràbà níbí, kéde pé àwọn náà ti ṣe é fáwọn aláìsàn méjì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn dókítà Vanderbilt láti Amẹ́ríkà. Dáńfó ló ń gbé èèyàn láti Ìkòtún débẹ̀, kì í ṣe bàálù.

Oògùn líle ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pa mùdùnmúdùn àtijọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa tuntun sí aláìsàn lára bí ìgbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ síni. Kò sẹ́ni tó ń tì í wọnú eegun. Eegun fúnra rẹ̀ ló ń pàrokò pè é. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ tó fúnni ńkọ́? Ẹ má fòyà. Tirẹ̀ á tún hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

ILÀ OJÚ NI SÓJÀ Ń WÒ

Ibi tó le nìyí. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ní àmì lára, bí ilà ojú ayé àtijọ́. Sójà ara bá rí ilà àjèjì, á figbe ta, àwọn yòókù á sì gba ibẹ̀ lọ. Bó bá ṣe kòkòrò àrùn ni wọ́n ń lé, ó dáa. Àmọ́ mùdùnmúdùn tí ilà rẹ̀ ò bára mu máa ń kó sójà tirẹ̀ wọlé. Àwọn yẹn á máa gbógun ti awọ ara, ìfun àti ẹ̀dọ̀ aláìsàn. Àlejò wá ń lu onílé!

Ìdajì ilà yìí ni ọmọ ń mú lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà, nínú ọmọ ìyá àti bàbá kan náà mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan ṣoṣo bá aláìsàn mu. Òun náà ò gbọdọ̀ jẹ́ SS. Ṣùgbọ́n AS lè fúnni. Iṣẹ́ náà léwu, nítorí aláìsàn á wà láìní sójà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù kan náírà lọ dáadáa.

Ẹ wá wo ìyẹ̀fun inú ọ̀rá. Àwọn tó ń tà á ní inú èso ápù àti gréèpù ló ti wá. Ta ló yẹ ilà rẹ̀ wò? Bó bá dénú, ikùn á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ àmàlà. Sẹ́ẹ̀lì èso kankan ò lè bí ẹ̀jẹ̀ èèyàn láéláé.

Ẹ̀yin ìyá wa, owó yẹn, ẹ fi gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi fólíìkì àti oògùn ibà tí dókítà bá kọ ṣeré, ẹ jẹ́ kó máa mu omi dáadáa, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè hydroxyurea, tó ń dín ìrora kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fẹ́ra, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó dá aṣọ ẹbí. Bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé SS ni yóò jẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò wọ́n tó aṣọ ẹbí.