Ohùn kan fún òṣèré púpọ̀: ìkànnì LNK àti èdè Lituáníà

Laisvas ir nepriklausomas kanalas ni orúkọ tó wà lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta LNK, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n aládàáni kan ní Lituáníà: 'ìkànnì tó wà lómìnira, tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni'. Nínú nepriklausomas, ne- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń yí ọ̀rọ̀ sódì. Priklausomas ni ẹni tó wà lábẹ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ náà ni nepriklausomybė, òmìnira orílẹ̀-èdè, ti jáde. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni létí ará ibẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1991, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì fi ọkọ̀ ogun gba òpó tẹlifíṣọ̀n ìlú Vilnius. Ará ìlú 14 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

LNK bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni òfin èdè ìjọba jáde: fíìmù àti ètò àjèjì tí a bá fi han gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ sí èdè Lituáníà, yálà ní sísọ tàbí ní kíkọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Òfin náà de aládàáni bó ṣe de ti ìjọba. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹun lára ìpolówó, ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù 3, kò lè gba ogún òṣèré láti túmọ̀ fíìmù kan. Ní Ẹsitóníà, kíkọ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ní Lituáníà, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, tí a sì ń gbọ́ ohùn àwọn òṣèré fúnra wọn lábẹ́ tirẹ̀. Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú fíìmù tí wọ́n sọ di Faransé, tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, lè kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ náà kò tíì parí ni.

Ṣùgbọ́n fún onímọ̀ èdè, ohùn méjì yìí dùn ún gbọ́ pọ̀. Nísàlẹ̀, Tom kò yí padà. Lókè, Tomas ni bó bá jẹ́ olùwà, Tomą bó bá jẹ́ àbọ̀, Tomui bí a bá fún un ní nǹkan, Tomo bó bá jẹ́ pé òun ló ni ín. Níbi tí Yorùbá ti ń fi ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn hàn wá, àfòmọ́ ìparí ló ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, orúkọ àlejò kò sì gbọ́dọ̀ wọlé láìgbé e wọ̀. Ọmọ tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ gírámà yìí lálaalẹ́.

Apá kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ èdè ìjọba gbé àkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe ńlá jáde ní 1997, àwọn alábòójútó èdè sì lè ní kí ilé tẹlifíṣọ̀n san owó ìtanràn. Èdè ìjọba nìkan sì ni òfin ìtumọ̀ náà ń sọ. Ẹ̀ka-èdè Žemaitija, ní ìwọ̀-oòrùn, jìnnà sí i débi pé ará Vilnius lè má gbọ́ ọ yé. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, ṣé ohùn Kétu ni yóò ka fíìmù náà, àbí ti Ṣábẹ̀, àbí Yorùbá inú ìwé tó ti Nàìjíríà wá?