Ọtí Dúdú Cahors

Ní Kútọnu, bí wọ́n bá gbé ọtí àjàrà pupa síwájú wa níbi ìgbéyàwó tàbí ìkómọjáde, orúkọ Bordeaux ni ojú wa kọ́kọ́ máa ń wá lára ìgò. Èmi náà kò yàtọ̀, títí àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Toulouse fi gbé ìgò kan bọ̀ lọ́dún tó kọjá. Cahors ni wọ́n kọ sí i lára.

Níbi ìkómọjáde kan nínú ẹbí wa la ti ṣí i, a sì bù ú lójú ẹsẹ̀. Ó dúdú bí aró. Bí mo ti fi kan ẹnu, ó fún ahọ́n mi pọ̀ bí èso kajú. Bàbá wa àgbà gbé ife wọn kalẹ̀, wọ́n ní, "Ọtí yín yìí ti kan." Ojú ti ẹni tó gbé e wá. Mo dé ìgò náà padà, mo gbé e sí igun ilé ìdáná.

Ọtí náà kò kan. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ni ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ yẹn ti ń wá. Tanin ni àwọn Faransé ń pè é, ó sì wà nínú obì pẹ̀lú. Èso malbec, tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 70 nínú 100 ọtí Cahors, ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Atẹ́gùn ló ń rọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kí ó tó bù ú fún àlejò.

Ìtàn rẹ̀ gan-an ló mú mi kọ̀wé. Etí odò Lot ni ìlú Cahors wà, ní àríwá Toulouse. Ojú odò ni wọ́n ń gbà gbé àgbá ọtí lọ sí èbúté Bordeaux. Ṣùgbọ́n fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àwọn oníṣòwò Bordeaux ní àṣẹ ọba lọ́wọ́ láti dá ọtí àwọn ará òkè dúró títí wọn yóò fi ta tiwọn. Ọdún 1776 ni mínísítà Turgot tó fagi lé àṣẹ náà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe adùn nìkan ló sọ orúkọ kan di ńlá lẹ́nu wa; ẹni tó ni èbúté ló ni ọ̀nà.

Kòkòrò phylloxera tún ba oko àjàrà wọn jẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní oṣù kejì ọdún 1956, òtútù líle pa púpọ̀ nínú èyí tó kù. Wọ́n tún un gbìn. Ní 1971, òfin Faransé fún un ní appellation: kò sí ará ibòmíràn tó lè fi orúkọ Cahors ta ọtí rẹ̀. Mo wá ń ro ẹmu Sakété àti ti Pobè. Ìwé òfin wo ló dárúkọ wọn?

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ìwé Faransé máa ń ní kí a "chambrer" ọtí pupa, kí ó bá ìwọ̀n ooru yàrá mu. Yàrá ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ń wí, bíi 17 tàbí 18. Ti Kútọnu máa ń tó 30! Ẹ gbé e sínú frigo fún ogún ìṣẹ́jú. (Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé ọdún 18, ìtàn nìkan ni tiyín.)

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo bu ìyókù pẹ̀lú ẹran àgùntàn sísun tó kù. Ẹnu rẹ̀ ti rọ̀, òórùn èso tó pọ́n ti jáde. Bàbá wa àgbà wọlé, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì na ife wọn sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan ló kù nínú ìgò.