ÌWÉ ÌJỌBA ÀTI ẸNU ÀGBÀ: BÍ A ṢE LÈ ṢÈWÁDÌÍ OGUN ÌLÀJÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà láyé òde òní tí àrọ́bá nìkan kò lè sọ tán, nítorí pé inú ìwé ìjọba ni ìdajì rẹ̀ wà. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ ogun tí a rán lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀, tí kì í ṣe pé kí wọ́n lọ ṣẹ́gun ibẹ̀, bí kò ṣe pé kí wọ́n lọ la àwọn tó ń jà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti ṣàlàyé fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ṣe lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó sì yé e. Ogun Làìbéríà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Kí ló kàn wá nínú èyí? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òṣèlú ni?" Ìdáhùn mi kò jìnnà. Ajégúnlẹ̀ ni ilé wa, Àpápá ló sì múlé tì wá. Ní Àpápá ni èbúté ńlá wà, ibẹ̀ náà sì ni ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi tí a ń pè ní NNS Beecroft wà. Ní àdúgbò tiwa, kò ṣòro láti rí ẹni tó wọ aṣọ ogun rí, tàbí opó ẹni tó wọ̀ ọ́. Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ fi ń ròyìn ohun tí ojú wọn rí ní Monrovia. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìjọba fi ròyìn rẹ̀. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ tiwa wà.

Nọ́ḿbà orí ìwé

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 1989 ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Charles Taylor gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọ Làìbéríà láti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Samuel Doe. Nígbà tí iná ogun náà ràn, ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Èkó níhìn-ín ní ọdún 1975, dá sí i. Ìgbìmọ̀ onílàjà rẹ̀, tí í ṣe Gámbíà, Gánà, Málì, Nàìjíríà àti Tógò, ṣe ìpàdé ní ìlú Banjul, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1990.

Nọ́ḿbà ìpinnu náà ni A/DEC.1/8/90. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé nọ́ḿbà mọ́tò ni. "A" dúró fún àjọ àwọn olórí orílẹ̀-èdè, "DEC" fi hàn pé ìpinnu ni, "1" ni ipò rẹ̀ láàrin àwọn ìpinnu ìgbà náà, "8/90" sì ni oṣù kẹjọ ọdún 1990. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé. Bí a bá rí S/RES/788 (1992), "S" ni Ìgbìmọ̀ Ààbò, "RES" ni ìpinnu, 788 ni ipò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, 1992 sì ni ọdún rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ S/PV ni a rí, ọ̀rọ̀ tí aṣojú kọ̀ọ̀kan sọ ní ìpàdé ni, bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a máa ka méjèèjì pọ̀. Ìpinnu ni ọbẹ̀ tó ti jinná; S/PV ni ìdí ààrò, níbi tí a ti mọ ẹni tó bu iyọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìwé

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ gírámà tí a ń kọ́ ti wúlò. Nínú ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń ṣíwájú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, agbára wọn kò sì dọ́gba. "Gbóríyìn fún", "rọ̀" àti "dá lẹ́bi" wà níbẹ̀. "Pinnu" náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìpinnu 788, ti ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1992. Ó gbóríyìn fún ECOWAS, ó sì rọ àwọn tó ń jà pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún àdéhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ó ní òun pinnu: kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe kó ohun ìjà lọ sí Làìbéríà mọ́, àfi èyí tó bá jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ìlàjà ECOWAS. Ìyànjú ni ti àkọ́kọ́, àṣẹ ni ti ìkejì. Ẹni tó bá túmọ̀ méjèèjì sí "sọ pé" ti ba ìwé náà jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí yóò dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ìlò-èdè. Ìwé náà dá àwọn tó ń kọlu ọmọ ogun ECOWAS lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò dárúkọ wọn. "Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà" ni ó pè wọ́n. Oṣù kan ṣáájú ni àwọn ọmọ ogun Taylor kọlu Monrovia, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. À ń pòwe ni Yorùbá ń pe irú èyí. Àwọn aṣojú ìjọba pẹ̀lú a máa pòwe mọ́ ènìyàn.

Ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ìwé?

Orúkọ ECOMOG, bí a bá túmọ̀ rẹ̀, ni Ẹgbẹ́ Olùṣọ́ Ìdáwọ́-Ìjà-Dúró. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Olùṣọ́ kò lè ṣọ́ ohun tí kò sí. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí ìpinnu Banjul. Taylor kò gbà á. Nígbà tí ECOMOG gúnlẹ̀ sí èbúté Freeport ní Monrovia ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1990, ìbọn ni wọ́n fi pàdé wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, inú ibùdó ECOMOG gan-an ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Prince Johnson ti mú Doe lọ, wọ́n sì pa á.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìwé àlàáfíà ni a lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀. Bí àwọn tó ń jà bá ti gbà kí a wá, "ìṣọ́ àlàáfíà" ni. Bí wọn kò bá gbà, tí a sì wọlé tipátipá, "fífi ipá paná ìjà" ni. Àdéhùn Kútọnu, ti ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1993, yàtọ̀ sí ti Banjul, nítorí pé àwọn ará Làìbéríà tó ń bá ara wọn jà fọwọ́ sí i fúnra wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpinnu 866 ti ọdún 1993 tó rán àwọn olùwòye ogun Àjọ Ìṣọ̀kan lọ, 303 ni iye tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìtàn ọdún mẹ́ta ogun wà láàrin ìwé méjèèjì, ibi ìfọwọ́sí ni a sì ti rí i.

Ohun tí ìwé kò sọ

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó wọ ọkọ̀ lọ sí Làìbéríà ní ọdún 1990. Mo ka ìpinnu Banjul fún un ní Yorùbá, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dákẹ́ títí mo fi parí.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "o kà á dáadáa. Wọ́n ní ká lọ ṣọ́ àlàáfíà, ogun la bá níbẹ̀. Orúkọ wa ńkọ́? Kò sí níbẹ̀?"

"Kò sí o, Bàbá. Orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan ni wọ́n kọ."

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà kò pé pérépéré. Ìpinnu náà sọ pé àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni yóò kó ọmọ ogun jọ, pẹ̀lú Gínì àti Sierra Leone. Ṣùgbọ́n Málì àti Tógò kò sí lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ìwé sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ẹnu ẹni tó lọ ló sọ ohun tí a ṣe. Ìwé ìròyìn ni ẹlẹ́rìí kẹta, òun náà sì san owó ìmọ̀ rẹ̀: Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion lọ kọ ìròyìn ogun náà ní ọdún 1990, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀.

Kì í ṣe eré ọgbọ́n lásán ni mo ń sọ. Ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Boundary kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ nípa ọkọ rẹ̀ tó lọ tí kò bọ̀, ju fọ́tò kan lọ. Ohun tó rántí ni pé òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n lọ. Bàbá yẹn mọ ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wà. Ìwé fún wa ní ọjọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀. Nígbà tí a pa á pọ̀, ó ní ohun tó lè kọ sínú lẹ́tà. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ 7 ni a sì fún wọn láti dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà dá ohun tó lè pa ààbò ìlú lára sí. Ẹni tó bá béèrè pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ ogun ni ìbéèrè rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀

Àwọn ìpinnu Ìgbìmọ̀ Ààbò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ ìwé tí a ń fọwọ́ ṣí, kí ó lọ sí ilé-ìkàwé iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Nàìjíríà, NIIA, ní Victoria Island. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, kí ó kọ́kọ́ yà nílé àgbà kan. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 ní 1990 ti di ẹni 60 ọdún. Ìwé lè dúró dè wá nínú àpótí. Àgbà kò lè dúró títí.

Mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí olúkúlùkù wa mú ìwé kan àti àgbà kan, kí ó túmọ̀ ìwé náà, kí ó gba ohùn àgbà náà sílẹ̀, kí ó sì kó méjèèjì fún ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Ìgbà náà ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò bá ìtàn, tí wọn yóò sì bá àrọ́bá pẹ̀lú.