Aṣọ Ìbòmú, Láti Inú Ọyẹ́ Tìṣígù Dé Orí Òkè Òjò Dídì

Bí ọyẹ́ bá mú ní Tìṣígù, ní ìlú Tamale, ohùn ni èèyàn fi ń dá ara wọn mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lórí alùpùpù ti fi ìborùn wé orí, ó ti fi etí aṣọ náà bo imú àti ẹnu, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, ó wá fi jígí dúdú dí ìwọ̀nba tó kù. Ó kọjá, ó ní "Dasiba," o dáhùn pé "Naa," ìgbà yẹn lo tó mọ̀ pé ìyàwó ilé kejì ni. Obìnrin Tamale ń gun alùpùpù bí ọkùnrin ṣe ń gùn ún: ìyá tó ń lọ sọ́jà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ọmọ iléèwé. Gbogbo wọn ló ní aṣọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún eruku. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, omi rẹ̀ á pọ́n bí omi osùn.

Eruku yẹn ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní ilẹ̀ Chad, kòtò ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ tó ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi já síbẹ̀, á gbá ẹrẹ̀ gbígbẹ náà lọ sókè, á gbé e la aṣálẹ̀ kọjá títí tí yóò fi bà sórí àwo oúnjẹ wa. Láti oṣù Bélú títí dé Èrèlé, ètè á là, imú ọmọdé á máa ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun á gbẹ bí ewé abẹ́ igi.

Tìṣígù ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ọmọ Ìgbẹ́tì ni bàbá tirẹ̀, ó ń ta aṣọ, ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n ti Ìgbẹ́tì, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí wá, tí wọ́n kún ọjà Tamale nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń tún sọ ni pé ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àti pé kí lọ́rì tó gbéra, ìyá rẹ̀ fa aṣọ funfun kan ya, ó fi bo imú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìlú tí wọ́n bí wọn sí sílẹ̀, gbogbo wọn pẹ̀lú aṣọ nímú.

Àbúrò bàbá mi kan padà sí Tamale lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà ní oṣù Èrèlé ọdún 2022, tí ọmọ ọmọ wọn kan, ọmọ ọdún méje, dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń wo fóònù mi. Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ń lọ lọ́wọ́ ní Beijing. A fẹ́ wo Carlos Mäder, ọmọ tí wọ́n bí ní Cape Coast, tí tọkọtaya ará Switzerland gbà tọ́, tó ń fi eré síkì díje fún Gánà. Kí ó tó kàn án, wọ́n fi àwọn tó dúró lókè hàn: akoto lórí, jígí ńlá lójú, aṣọ nímú títí dé àgbọ̀n. Ọmọ náà wò wọ́n dáadáa, ó wá bi mí léèrè pé, "Bàbá Ìgbẹ́tì, ṣé ìlú Yendi ni wọ́n fẹ́ gun alùpùpù lọ ni?"

Mi ò lè gbàgbé ìbéèrè yẹn, torí pé ó tọ̀nà ju bí ọmọ náà ti mọ̀ lọ.

Fún ẹni tí kò rí i rí, síkì rí báyìí. Òjò dídì ti bo òkè gíga, ó funfun, ó rọ̀ bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Èèyàn á so pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, á di ọ̀pá kan mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, á kọjú sí ìsàlẹ̀, á sì jẹ́ kí ara òun yọ̀ bọ́, bí ọmọdé ṣe máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ tó ń yọ̀ bọ́ láti orí àpáta. Ẹni tó ń ṣeré lásán lè sáré bí alùpùpù ojú títì. Àwọn eléré ìdíje tó mọ̀ ọ́n jù máa ń kọjá 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Òtútù inú afẹ́fẹ́ yẹn a máa gé ojú bí abẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n ti ń fi aṣọ bo imú tipẹ́tipẹ́ kí àrùn Kòrónà tó dé. Àwọn èèyàn wa náà sì ti bá wọn débẹ̀: Kwame Nkrumah-Acheampong ni ọmọ Gánà àkọ́kọ́ tó lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní Vancouver lọ́dún 2010. Inú ilé kan ní Milton Keynes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe òjò dídì, ló ti kọ́ ọ. Nínú èèyàn 102 tó forúkọ sílẹ̀, ipò 47 ló wà. Nàìjíríà náà rán Samuel Ikpefan lọ sí Beijing lọ́dún 2022.

Aláṣọ nímú pàdé aláṣọ nímú, nígbà náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ohun tí aṣọ wà fún. Aṣọ eruku, tara ẹni ni. Bí mo bá gbàgbé tèmi sílé, èmi ni màá húkọ́. Aṣọ àrùn Kòrónà, ti ẹnìkejì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ó ń dá itọ́ àti èémí tèmi dúró kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Àwa tí a ti ń fi aṣọ bo imú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a rò pé ohun kan náà ni. Àwọn tó ń ṣe síkì rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àṣìṣe yẹn ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ischgl jẹ́ ìlú kékeré ní Tyrol, lórílẹ̀-èdè Austria. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,600 lọ, ṣùgbọ́n àlejò tó ń wá ṣe síkì níbẹ̀ kò lóǹkà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, orílẹ̀-èdè Iceland kéde pé Ischgl ti di ibi eléwu, torí pé àwọn ọmọ ìlú wọn tó lọ síbẹ̀ ti kó àrùn wálé. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àyẹ̀wò fi hàn pé òṣìṣẹ́ ilé ọtí kan níbẹ̀ ti lùgbàdì rẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ 13 oṣù náà ni wọ́n tó ti àfonífojì tí ìlú náà wà pa. Kí wọ́n tó tì í, àlejò ti kó àrùn náà lọ sí Jámánì, Norway, Denmark, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ibòmíràn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìṣègùn ti Innsbruck wá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú náà wò ní oṣù Igbe, wọ́n rí àmì àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 42 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó yẹ kí á dúró níbí díẹ̀. Àwọn àlejò yẹn ló ń fi aṣọ àti jígí bo ojú látàárọ̀ lórí òkè. Wọ́n bo imú níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tó lè gbé pátákó lọ, níbi tí aládùúgbò ti jìnnà sí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n rọ́ wọ inú ilé ọtí tóóró tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí òtútù, wọ́n ń kọrin sójú ara wọn. Ilé ọtí ni àrùn ti rí wọn mú.

Ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n tó ti Ischgl pa, ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà, Gánà kéde àwọn méjì àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà. Ọ̀kan ti Norway dé, èkejì ti Turkey.

Nígbà tí òtútù tún padà dé ní òpin ọdún 2020, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀. Faransé ti gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè pa títí ìgbà òtútù fi parí. Austria ṣí tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lo ìbòmú nípọnnípọn irú èyí tí àwọn dókítà ń lò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni òkè síkì ní kí èèyàn bo imú lórí ìlà àti nínú ẹ̀rọ, kí àwọn tó jọ wá sì jọ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ àga gbalasa tó so kọ́ sórí wáyà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá. Èkejì jẹ́ yàrá kékeré onígíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé, tí èèyàn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀ títí wọ́n á fi dé òkè. Àga yẹn dà bí ẹ̀yìn alùpùpù. Yàrá yẹn dà bí tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò kékeré ní Tamale, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí eruku.

Àwọn tó ń ṣe síkì jìyà aṣọ náà gan-an. Èémí gbígbóná á gba etí aṣọ lọ sókè, á wọ abẹ́ jígí, jígí á ṣú bí ìgbà tí ẹni tó wọ awò ojú bá ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná, ẹni tó ń sáré á sì di afọ́jú lójijì lórí òkè. Aṣọ náà tún máa ń rin. Ní Tìṣígù, eruku ló ń di ojú aṣọ. Lọ́hùn-ún, omi inú èémí ni, òtútù á sì sọ omi náà di yìnyín lẹ́nu ẹni. Aṣọ tó bá ti rin kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa mọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ ní oṣù Òkúdu ọdún 2020 pé kí á pààrọ̀ ìbòmú tó bá ti rin. Ẹni tó gbọ́n a máa kó méjì mẹ́ta sápò. Nígbà tó bá ń yọ̀ bọ́ lórí òkè, á fa aṣọ sílẹ̀ kí ó lè mí kí ó sì ríran. Bó bá ti dé orí ìlà ẹ̀rọ, á fi gbígbẹ bo imú. Ó ti yé e pé ibi tí èémí òun àti ti ẹlòmíràn ti ń pàdé ni aṣọ ti wúlò.

Ní Gánà, òfin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí àlàyé tó dé. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2020, ìjọba Ààrẹ Nana Akufo-Addo gbé òfin jáde pé ẹni tó bá jáde síta láì bo imú lè san ìtanràn 12,000 sí 60,000 sídì, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Mo gbà pé àṣejù ni. Ìyá tó ń ta oúnjẹ wáàkyé kò lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ láé. Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ni òfin náà gbìn sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, wọn kò sì mọ ìdí tí aṣọ fi wà. Ọ̀pọ̀ fi í sí abẹ́ àgbọ̀n, bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá wọn á fà á sókè. Ojú títì, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ni a ti ń bo imú, torí ibẹ̀ ni ọlọ́pàá wà.

Mo rí i kedere níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a lọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Tamale, nígbà tí òfin ṣì wà nílẹ̀ (ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022 ni wọ́n tó gbé e kúrò). Alùpùpù tó gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lé ní ogún. Gbogbo ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ló fi aṣọ bo imú. Gbogbo wọn dúró, wọ́n tú aṣọ náà, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù, wọ́n ká a sápò, wọ́n sì wọ yàrá. Àwa bí ogójì la wà nínú ilé kan, fèrèsé pa dé, ilẹ̀kùn pa dé, kí eruku má bà sórí ọmọ tuntun. Àdúrà ń lọ, gbogbo wa ń ṣe àmín. Ischgl gan-an ni mo jókòó sí.

Kòrónà ti rọlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yàrá yìí kò tíì tán ní àríwá Gánà. Àsìkò ọyẹ́ náà ni àsìkò àrùn yírùnyírùn. Eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun, òtútù òru sì ń lé èèyàn sínú yàrá kan pẹ̀lú fèrèsé dídí. Kòkòrò àrùn náà á gba inú itọ́ àti èémí bọ́ sára ẹlòmíràn. Láti òpin ọdún 1996 títí di àárín ọdún 1997, ó lé ní 18,000 èèyàn tó kó o ní àríwá Gánà, ó sì lé ní 1,000 tó kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac, tí wọ́n gún fáwọn èèyàn níbẹ̀ lọ́dún 2012, ti lé oríṣi rẹ̀ kan lọ, àmọ́ àwọn oríṣi mìíràn ṣì wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, bí gbogbo ayé ṣe ń sọ̀rọ̀ Kòrónà, yírùnyírùn ń pa èèyàn ní agbègbè Upper West. Lọ́dọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń sọ ọ́ fún wa: ẹ má ṣe kún yàrá kan, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi ní Tìṣígù, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìgbẹ́tì àti Ṣakí níbi tí ọyẹ́ náà ń dé, mo bẹ̀ yín. Ẹ máa bo imú lórí alùpùpù, eruku kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsọmọlórúkọ, kí ẹnì kan nínú yín wọlé lọ ṣí fèrèsé kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ikọ́ ń ṣe má sì tíì ká aṣọ rẹ̀ sápò.