Ìdìde àti Ìṣubú Netscape

Aṣàwákiri ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣí àwọn ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tim Berners-Lee ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní CERN ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sọ ọ́ di ohun tí tẹrú-tọmọ lè lò ni Mosaic, tí Marc Andreessen àti Eric Bina ṣe ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1993. Mosaic ń fi àwòrán hàn láàárín ọ̀rọ̀, lílò rẹ̀ kò sì nira.

Ní ọdún 1994, Andreessen àti Jim Clark dá ilé-iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Netscape sílẹ̀ ní California. Aṣàwákiri wọn, Navigator, jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1995, wọ́n ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà fún gbogbo ènìyàn. Dọ́là 28 ni wọ́n dá lé ìpín kan. Kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà, ó ti kọjá dọ́là 58.

Oṣù yẹn gan-an ni Microsoft gbé Internet Explorer jáde. Iyèkan ni òun àti Navigator, nítorí ara Mosaic ni a ti mú un jáde, nípa àṣẹ tí Microsoft gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Spyglass. Explorer àkọ́kọ́ kò dára tó Navigator. Kí ni ó wá fi borí? Microsoft ni ó ni Windows, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé fi ń ṣiṣẹ́. Ó so Explorer mọ́ ọn, kò sì gba kọ́bọ̀. Lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń lo Navigator ni Netscape sì ti ń rí owó. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí ti oníṣòwò tí onílé ìsọ̀ rẹ̀ gbé ọjà kan náà sẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà pe Microsoft lẹ́jọ́ ní ọdún 1998. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: AOL ti ra Netscape ní ọdún 1999, ó sì pa iṣẹ́ aṣàwákiri náà tì ní ọdún 2008.

Síbẹ̀, Netscape kò kú láìlọ́mọ. Ní ọdún 1998, ó fi àkọsílẹ̀ tí a fi ṣe ètò rẹ̀ han gbogbo ayé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè tún un ṣe. Láti inú rẹ̀ ni Mozilla ti yọ, tí ó gbé Firefox jáde ní ọdún 2004. Ohun tí Netscape ń tà ti run; ohun tí ó fi tọrẹ ni ó kù. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.