Owó oúnjẹ ọmọ ló ń bọ́ sí ààtàn yẹn o, ẹ̀yin abiyamọ!

Àwọn àgbà ló ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà lásìkò yìí. Bí pàǹtí bá kún inú ilé dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọmọ la ń tọ́." Àfi bíi pé ọmọ ọ̀hún ló lọ sọ́jà lọ ra gbogbo ẹ̀ wálé!

Ẹ yọjú sẹ́yìn ilé táwọn ayálégbé pọ̀ sí láàárọ̀ Sátidé, yálà ní Mushin, l'Ágége tàbí ní Bẹẹrẹ n'Ibadan, kẹ́ ẹ tú korobá pàǹtí wọn wò. Pampers tó ti mutọ̀ yó ló máa ń wà lókè. Lẹ́yìn náà lẹ máa rí ọ̀rá mílíìkì, ọ̀rá bisikíìtì, ọ̀rá piọ́ wọ́tà, àti indomie tọ́mọ jẹ ẹnu mẹ́ta nínú ẹ̀ tó lóun ò jẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Pampers nìkan, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn ń pe gbogbo ẹ̀, ibi yòówù kó ti wá. Ọmọ tó bá ń lo márùn-ún lójúmọ́, 150 ló máa lò lóṣù, ó sì máa lé ní 1,800 kó tó pé ọmọ ọdún kan. Ẹ wá fi iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó bá ṣe é tán tí kò mí kanlẹ̀, olówó ni.

Oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ni Procter & Gamble, iléeṣẹ́ tó ni Pampers gan-an, kéde pé àwọn ò ní í ṣe ọjà àwọn ní Nàìjíríà mọ́, pé ńṣe làwọn á máa kó o wọlé láti òkè òkun. Ohun tí wọ́n bá ń fi dọ́là kó wọlé, ó ṣòro kó pọ́ọ́kú.

Èyí tó tún le ju owó lọ ni ibi tí wọ́n ń dà á sí. Pampers kì í jẹrà bí ewé mọ́ínmọ́ín, torí ike wà nínú ẹ̀. Àwọn kan á gbé tiwọn fún ọlọ́mọlanke, àwọn mìíràn á dúró de òjò, wọ́n á dà á sí gọ́tà. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ohun tí odò tí pàǹtí dí lè ṣe. Ní August 31, 1980, Ògùnpa ya, ó gbẹ̀mí, ó gbé dúkìá lọ. Ní August 26, 2011, omíyalé mìíràn tún ṣọṣẹ́ nílùú náà. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí ò jẹ́ kómi rọ́nà lọ. Ìyá tó bá ju Pampers sí gọ́tà, ilé tọ́mọ ẹ̀ sùn sí lomi ọ̀hún ń bọ̀ wá bá.

Láti July 1, 2025, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de àwọn nǹkan bíi abọ́ fóòmù, sítíróò àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Pampers ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá àti bàbá ọmọ ni tiẹ̀ kù sí.

Kí wá ni ṣíṣe? Nápíkìn táwọn ìyá wa lò ò tíì parẹ́. Aṣọ òwú tó ti rọ̀ ló dáa jù. Ẹ máa lò ó lọ́sàn-án nílé, kẹ́ ẹ fi Pampers sílẹ̀ fún òru àti ìrìn àjò. Ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ inú ẹ̀ sí ṣáláńgá, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kídìí ọmọ má baà bó. Ẹni tó ń lo márùn-ún tó bá dín in kù sí méjì, 90 ló ti yọ kúrò lóṣù. Owó ẹyin ọmọ ti jáde nìyẹn.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n máa fún un. Ọmú ò ní agolo, kò sì ní ọ̀rá. Bó bá ti ń jẹun, oúnjẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù fún un; bó bá fẹ́ sí i, ìkòkò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ń gbé lọ sílé ìwé, ẹ yé ra piọ́ wọ́tà fún un. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ tí kò gbà á mọ́, àbúrò ló ni ín. Ẹ má sì dáná sun ọ̀rá lẹ́yìnkùlé o, àyà ọmọ yẹn náà ni èéfín ẹ̀ ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Nílé tí wọ́n ti ń fowó ra omi, fífọ nápíkìn kì í ṣọ̀fẹ́. Ìyá tó jí láago márùn-ún ìdájí, tó ti ọjà dé láago méje alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ fọ̀ ọ́? Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó bá ní kíyàwó òun má ra Pampers mọ́, tí kò sì lè pọnmi, tí kò lè fọ nápíkìn mẹ́ta láàárọ̀, ìyà ló fi ń jẹ ìyàwó ẹ̀, kì í ṣe owó ló ń ṣọ́.

Torí náà, ní Sátidé tó ń bọ̀, kí tọkọtaya jọ tú korobá pàǹtí wọn wò. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ tílé lè ṣe láì ní, kí wọ́n má rà á mọ́.