Ìkòkò Mélòó Ló Wà Nínú Ilé Yìí?

Tí ẹ bá rìn láti Ìdúmọ̀tà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó rí ilé tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ pé kì í ṣe títà. Family house ni. Bàbá ńlá kan ló kọ́ ọ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn mìíràn wà ní Ìkòròdú, ní Agége, ní London, ṣùgbọ́n yàrá wọn ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Ó dáa, ìbéèrè mi rè é: tí wọ́n bá ní kí ẹ ka àwọn tó ń gbé ilé yẹn, ta lẹ máa kà?

Iṣẹ́ mi ni ìbéèrè yìí. Mò ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ, nọ́ńbà ni mo sì ń bá yí lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé a máa ń kọ́kọ́ ka nǹkan ni, ká tó wá fún un lórúkọ. Rárá o. Orúkọ ló ń ṣáájú. Ẹ ò lè ka slum láìjẹ́ pé ẹnì kan ti sọ ohun tó ń jẹ́ slum, ẹ ò sì lè ka household láìjẹ́ pé ẹnì kan ti pinnu ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ní Èkó, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ti wó ilé rí.

Ní 1924, àrùn bubonic plague wọ Èkó. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Yersinia pestis ló ń fà á, kòkòrò kékeré tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló sì ń gbé e kiri. Níbi tí ilé bá ti fún mọ́ra, tí pàǹtí sì pọ̀, eku a máa pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn aláṣẹ ò parọ́ nígbà tí wọ́n ní fífún tí ilé fún pọ̀ léwu. Ní 1928 wọ́n dá Lagos Executive Development Board, ìyẹn LEDB, sílẹ̀ láti tún ìlú tò. Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà slum mọ̀ ọ́n kà: èèyàn mélòó ló wà ní yàrá kan, ṣáláńgá mélòó ló wà, ṣé gọ́tà wà àbí kò sí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kà, tàbí kí èèyàn fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń yá ará ilé rẹ̀ lówó ọjà, ẹni tó ń bá ìyá ọlọ́jà wo ọmọ, téèpù wo ló fẹ́ wọn ìyẹn?

Ní 1955, bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, LEDB bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó nǹkan bí éékà 70 láàárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Lórí máàpù, ó dára gan-an.

Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ àwùjọ kan láti London, Peter Marris, dé. Ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Marris ò dúró lórí yàrá àti ṣáláńgá. Ó béèrè mọ̀lẹ́bí tí àwọn èèyàn ń rí, bí wọ́n ṣe ń rí wọn sí, àti ẹni tí wọ́n ń fún lówó. Bí ìbéèrè ṣe yí padà, bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò kan náà yí padà lórí ìwé. Àwọn tó kó lọ sí Sùúrùlérè kò rí ẹbí wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n. Àwọn oníṣòwò pàdánù àwọn oníbàárà tó mọ ẹnu ọ̀nà wọn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló kẹ́dùn o; àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù kan rí ìtura nínú ilé tuntun. Ṣùgbọ́n ètò náà ò parí bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó kúrò ni kò sì padà mọ́.

Ẹ má tíì sáré pàtẹ́wọ́ fún Marris. Institute of Community Studies ní London ló ti wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, Michael Young àti Peter Willmott, ti ṣe irú ìwádìí yìí lórí àwọn ará Bethnal Green tí wọ́n kó lọ sí ilé ìjọba lẹ́yìn ìlú. 1957 ni ìwé tiwọn jáde. Ọ̀rọ̀ ẹbí ti wà nínú àpò Marris kó tó wọ Èkó. Mi ò bú u fún ìyẹn. Orúkọ tó mú wá ló kàn bá Ìsàlẹ̀ Èkó mu ju ti LEDB lọ.

Lóde òní, household ló ń dà mí láàmú jù. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí ní Nàìjíríà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń gbé pọ̀, tí wọ́n sì ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà. Ó dùn létí, àbí? Mo bi Àlàájà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èèyàn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú yín?"

Ó wò mí. "Ọmọ mi, ìkòkò àárọ̀ ni àbí ti alẹ́?"

Ìkòkò àárọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ tó ń bá a tajà ló ń jẹ níbẹ̀. Ti alẹ́, àbúrò rẹ̀ ló ń sè é nísàlẹ̀ ilé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú sì ń jẹ níbẹ̀. Ọkọ Àlàájà ń gbé ilé bàbá tirẹ̀ nítòsí, oúnjẹ rẹ̀ sì ń lọ bá a nínú kúlà. "Gbogbo wa la jọ wà nílé," ló ní. Òótọ́ ló sọ, torí ilé nínú Yorùbá ju òrùlé kan lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù ń wá.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ní 2019, National Bureau of Statistics fi ìlà òṣì sí 137,430 náírà lọ́dún fún ẹnì kan, ìyẹn bíi 11,450 lóṣù. Ká ní ìnáwó ilé kan nígbà náà jẹ́ 80,000 lóṣù. Tí a bá kọ ọ́ pé èèyàn 4 ni wọ́n, 20,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í ṣe òtòṣì. Tí a bá kọ 9, ó di bíi 8,900, wọ́n ti di òtòṣì nìyẹn. Kọ́bọ̀ kan ò kúrò lára owó náà.

Slum náà ṣì wà nílẹ̀. Lọ́dọ̀ UN-Habitat, tí èèyàn bá ju mẹ́ta lọ ní yàrá kan, tàbí tí kò sí omi tó mọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dáa, ilé tó lágbára, tàbí ààbò lórí ibi tí wọ́n ń gbé, ilé ọ̀hún ti wọ inú rẹ̀. Ààbò yẹn ni kí ẹ wò dáadáa. Family house lè má ní ìwé tó ní orúkọ ẹyọ ẹnì kan, síbẹ̀ kò sí lándílọ́ọ̀dù tó lè lé ọmọ ilé jáde. Ṣé ààbò wà àbí kò sí? Ọwọ́ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ni ìdáhùn wà.

Mi ò sí lára àwọn tó ní ká da gbogbo ìsọ̀rí nù jàre. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì, nǹkan bí èèyàn 20 kú, àwọn ọmọdé wà lára wọn. Ilé tó ti gbó nílò ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì sọ gbangba pé ó léwu. Ṣùgbọ́n "ilé yìí léwu" ń sọ̀rọ̀ nípa òpó àti kọnkéré ilé kan. "Slum ni àdúgbò yìí" ń kó gbogbo ilé pọ̀, títí kan èyí tó dúró ṣinṣin.

Nínú ìwádìí tí mò ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, a ti pín ìbéèrè ìkòkò sí mẹ́ta: níbo lẹ sùn lánàá, ta ló se oúnjẹ tí ẹ jẹ kẹ́yìn, ta lẹ máa kọ́kọ́ pè tí owó bá tán lọ́wọ́ yín. Ìkẹta yẹn ló ń gba àkókò jù, torí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ tó ju ẹyọ kan lọ, ààyè ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà lórí tablet. À ń bá ẹni tó ń ṣe software náà sọ ọ́ lọ́wọ́.